Igi Tó Dúró Jẹ́ẹ́ Ni Gìtá Ń Fẹ́

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta pákó ní Ìlọrin, tí ẹ ní afárà lẹ fẹ́ rà, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé òrùlé lẹ fẹ́ fi kàn ni àbí àpótí. Kì í ṣe igi tó níyì lójú èèyàn. Ó fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ mọ́, ìṣó ń wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Káfíńtà tó bá fẹ́ gbowó gidi lọ́wọ́ oníbàárà kì í dárúkọ afárà rárá. Ìrókò àti ọ̀gànwó ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ọdún 1958, igi yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Gibson ní ìlú Kalamazoo, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi gbẹ́ gìtá oníná tí wọ́n sọ ní Flying V, tí ìdí rẹ̀ là sí méjì gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà V. Korina ni wọ́n ń pe igi náà lọ́jà tiwọn. Àwọn èèyàn ò rà á nígbà náà, èyí tí wọ́n sì ṣe kò tó 100 kí wọ́n tó jáwọ́ níbẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn, tó sì tà á, owó rẹ̀ á kọ́ ilé alájà ní Fate, àdúgbò wa ní Ìlọrin, á tún ra ọkọ̀ síwájú ilé náà. Albert King, àgbà onígìtá blues, fi ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí ó fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pe igi yìí ní Terminalia superba. Afárà wa yìí náà ni.

Gìtá oníná ni mò ń gbẹ́. Ẹ̀yìn ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà níbí ní Fate. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi kò yàtọ̀ sí àwọn tí ẹ lè pàdé lójú títì àdúgbò yìí: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó ń gbé ní Tanke, àwọn tó ń ṣeré alẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, àti ẹni kọ̀ọ̀kan tó ti gbé òkè òkun rí tó wá ń fẹ́ gìtá tí ẹlòmíràn ò ní. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn fi ń kí mi: “Ẹ̀gbọ́n, igi wo ló ń dún jù?” Bí mo bá dáhùn pé kò sí, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àṣírí iṣẹ́ ni mò ń pa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Gìtá onígi lásán, tí inú rẹ̀ ṣófo, igi ló ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Okùn á gbọ̀n, pákó fẹ́lẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ á bá a gbọ̀n, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á rú, etí á gbọ́. Ti oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn irin ló ń gbọ̀n lókè òòfà. Waya bàbà tí a wé yí òòfà náà ká á sọ gbígbọ̀n yẹn di iná mànàmáná tín-ín-tín. Iná yẹn á gba inú waya lọ sí ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Igi kò sí lójú ọ̀nà yẹn. Àní gìtá oníná tó kọ́kọ́ rọ́wọ́ mú lọ́jà, tí George Beauchamp ṣe, tí Rickenbacker bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1932, alumíníọ̀mù ni látòkè délẹ̀. Ìrísí rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní Frying Pan. Ní nǹkan bí 1940, Les Paul mú igi páìnì kan tó jẹ́ ínṣì 4 lọ́nà ìbú àti ínṣì 4 lọ́nà ìnípọn, òpó lásán, ó ta okùn sí i lórí, ó de òòfà oníwáyà mọ́ ọn, ó ń lù ú. Ó dún dáadáa. Àwọn òǹwòran ni kò fẹ́ rí òpó lọ́wọ́ olórin. Ló bá rẹ́ gìtá onígi kan sí méjì, ó lẹ apá rẹ̀ mọ́ òpó náà lọ́tùn-ún lósì, ojú gbogbo èèyàn wá wálẹ̀.

N kò sọ pé igi ò já mọ́ nǹkan kan o. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ni mò ń fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe? Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ tí igi ń ṣe lára gìtá oníná yàtọ̀ sí èyí tí àwọn èèyàn rò. Alumíníọ̀mù Rickenbacker yẹn, bí iná orí ìtàgé bá ti mú un, á gbóná, á fẹ̀, ohùn okùn á sì ṣákìí. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ igi ni pé kó dúró. Kó dúró síbi tí a fi í sí, lọ́sàn-án, lóru, nínú ooru àti nínú ọyẹ́, kó má tẹ̀, kó má lọ́, kó má wú. Igi tó bá lè ṣe ìyẹn, ohun tó kù, òòfà àti ọwọ́ ẹni tó ń lù ú á ṣe é.

Kò sì rọrùn fún igi láti dúró. Okùn mẹ́fà ló wà lórí gìtá, bí a bá sì fà wọ́n le bó ṣe yẹ, agbára tí wọ́n fi ń fa ọrùn gìtá lápapọ̀ tó ìwọ̀n kìlógírámù 45, kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí àpò sìmẹ́ǹtì kan. Tọ̀sántòru ni o, kódà nígbà tí gìtá bá wà nínú àpò rẹ̀ tí olówó rẹ̀ ń sùn. Ọrùn tí àpò sìmẹ́ǹtì kan so mọ́ yìí, kò nípọn ju ínṣì kan lọ. A máa ń ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láàárín láti bá a gbé ẹrù, ṣùgbọ́n irin kò lè gba igi tí kò gbẹ là. Orí ọrùn yẹn sì ni àwọn irin wẹ́wẹ́ tí ìka ń tẹ okùn mọ́ wà, tí àwọn onígìtá ń pè ní fret. Ìṣirò ló ń gbé wọn kalẹ̀. Bí okùn bá gùn ní ínṣì 25 àti ààbọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó fi 17.817 pín in, ibi tó bá dé ni fret àkọ́kọ́. A ó tún fi iye kan náà pín èyí tó kù, títí fret kejìlá á fi bọ́ sí àárín gbùngbùn okùn. Bí igi bá yí padà níwọ̀n tí ojú ò lè rí, etí á gbọ́ ọ.

Ojú ọjọ́ Ìlọrin kì í sì í ṣe ojú ọjọ́ aláàánú. Láti nǹkan bí oṣù kẹfà títí dé ìkẹsàn-án, afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, pákó tó wà nínú yàrá á mu omi débi pé omi inú rẹ̀ lè ju ìwọ̀n 14 nínú 100 lọ. Tó bá di oṣù kejìlá, ọyẹ́ á dé láti ọ̀nà aṣálẹ̀. Ètè á là, gìgísẹ̀ á là, pákó kan náà á gbẹ dé nǹkan bí 7 nínú 100, nígbà mìíràn kó dín bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá ń mu omi, ìbú rẹ̀ ló ń wú. Nígbà tó bá ń gbẹ, ìbú rẹ̀ náà ló ń sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́ẹ̀ yí padà. Irin tó wà lára rẹ̀ kì í sún kì ní tirẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo gìtá tí wọ́n kàn nínú ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, tí wọ́n wá gbé dé Fate lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́.

Ní oṣù kìíní ọdọọdún, irú gìtá bẹ́ẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kan á gbé gìtá wá, á ti fi pílásítà wé ìka. “Ẹ̀gbọ́n, ó ń gé mi lọ́wọ́.” Èmi á gba gìtá náà, mi ò ní wo òkè rẹ̀ rárá, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń ra etí ọrùn rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹnu fret kọ̀ọ̀kan ti yọ síta. Kò ju ìnípọn èékánná lọ, ṣùgbọ́n ó mú bí abẹ. Ọ̀pọ̀ ń rò pé fret ló yọ. Fret ò kúrò níbi tó wà. Igi ló sún kì tó fi ẹnu irin sílẹ̀ níta. Mo ní fáìlì kékeré kan tí mo ti lọ etí rẹ̀ dán kó má baà ha igi. Màá fi fá ẹnu irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ní dídagun, kí n tó fi sáńpépà tó fẹ́lẹ́ pa á mọ́. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni. Ní oṣù keje, irú gìtá bẹ́ẹ̀ á tún padà wá pẹ̀lú ẹjọ́ mìíràn: okùn ti ga sókè, ó ń dun ìka. Igi ti mu omi yó, ọrùn ti tẹ̀ síwájú. Kì í ṣe pé gìtá náà burú. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ò mọ ibi tí yóò gbé ni.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé iṣẹ́ wa kì í bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì. Lọ́dọ̀ onípákó ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń pẹ́ níbẹ̀. N kì í wo ẹwà ojú pákó. Orí rẹ̀, níbi tí ayùn ti gé e, ni mò ń wò. Àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ tó ń fi bí igi ṣe dàgbà hàn. Bí ilà náà bá dúró ṣánṣán láti ìsàlẹ̀ sókè, pákó yẹn kò ní lọ́ púpọ̀ tó bá ń gbẹ. Bí ilà rẹ̀ bá tẹ̀ kọrọdọ, á ká bó bá yá, kò sí àdúrà tó lè dá a dúró. “Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí èyí padà kí n wo orí rẹ̀.” Alhaji á yí i, á wò mí tìyanu-tìyanu: “Ẹ̀yin, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni?” Àwọn tó ń ra pákó òrùlé ti rà, wọ́n ti di ẹrù sọ́kọ̀, wọ́n ti lọ, èmi ṣì ń bẹ nídìí òkìtì kan náà.

Àwọn àgbà ní tútù la ń ká ẹja. Pákó ní tirẹ̀, tó bá tútù, fúnra rẹ̀ ló ń ká ara rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ti gbé e dé ilé, mo máa ń fi ọ̀dà tó ṣẹ́ kù kun orí rẹ̀ méjèèjì, torí pé orí yẹn ni omi ti ń sá jáde jù, bí omi bá sì sá jáde jù níbì kan, pákó á là níbẹ̀. Màá to wọ́n sórí búlọ́ọ̀kù nítorí ikán, màá fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀ kọjá, páànù wà lórí wọn, oòrùn ò gbọdọ̀ kàn wọ́n. Òfin àtijọ́ tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà gbogbo ayé mọ̀ ni pé ínṣì kan ìnípọn, ọdún kan gbígbẹ. Èmi fi tèmi kún un: pákó tí kò bá tíì rí òjò kan àti ọyẹ́ kan ní Ìlọrin, kò tíì mọ̀lú. Ẹ̀rọ wà tí a fi ń wọn omi inú igi, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ọjà lásán náà tó. Gbé pákó kan náà sórí ìwọ̀n lóṣooṣù, kí o kọ ọ́ sí i lára. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ ò bá yí padà mọ́, ó ti gbẹ dé ibi tó lè gbẹ dé. Lẹ́yìn ìyẹn, màá gé e ní ìrísí ọrùn gìtá, ṣùgbọ́n màá jẹ́ kó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, màá fà á sígun, màá fi sílẹ̀. Èyí tó bá lọ́ lákòókò yẹn, á di ẹsẹ̀ àga. Àga kì í ṣákìí.

Igi tó dáa jù lọ tí ọwọ́ mi tíì tẹ̀ ò ti ọ̀dọ̀ onípákó wá rárá. Ilé àtijọ́ ló ti wá. Bí wọ́n bá ń wó ilé alámọ̀ àtijọ́ nínú ìgboro láti kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù, wọ́n á kó férémù ilẹ̀kùn àti igi àjà síta fún ẹni tó fẹ́ dáná. Apá wà níbẹ̀, ìrókò wà níbẹ̀, tí wọ́n ti gbẹ láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì sí láyé. Ẹ̀fúùfù ti fẹ́ ẹ, òjò ti rọ̀ sí i, ó ti lọ́ gbogbo lílọ́ tó fẹ́ lọ́. Kìkì ìṣó inú rẹ̀ lèèyàn á fi òòfà wá kí abẹ ìfági má baà kán.

Nípa irú igi, èrò tèmi rèé, ẹlòmíràn lè ní tirẹ̀. Afárà ló dáa jù fún ara gìtá, torí ó fúyẹ́. Ẹni tó bá lu gìtá láti àṣálẹ́ dé ìdájí níbi òde jùjú mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀gànwó dáa fún ọrùn bí èèyàn bá rí èyí tó tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gànwó ilẹ̀ ọ̀dàn tó wà ní agbègbè wa yìí le, ó sì wúwo, iṣan rẹ̀ máa ń kọjú síra wọn, ìfági á sì máa já a. Ojú ọrùn níbi tí ìka ń tẹ̀, apá ni mò ń lò, igi tí àwọn onílù mọ̀ dáadáa. Ó le, kò sì mọ wíwú tàbí sísún kì púpọ̀. Nínú gbogbo igi tí mo mọ̀, òun ló fara balẹ̀ jù. Ìrókò lókìkí, mo bọ̀wọ̀ fún Olúwéré inú rẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta máa ń wà nínú ìrókò, òkúta gidi tó lè ba ẹnu ayùn jẹ́. Mansonia lẹ́wà, àmọ́ eruku rẹ̀ máa ń mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́ wá ìbòmú tó dáa. Arère rọ̀ jù lójú mi, bí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè tilẹ̀ ń fi ṣe gìtá olówó pọ́ọ́kú. Ọmọ̀, igi onígbẹ̀du, n kì í bá àwọn agbẹ́lù du ú, tiwọn ni.

Ohun ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Egungun ẹsẹ̀ màlúù láti ọ̀dọ̀ àwọn alápatà ní Ìpàtà ni mo fi ń ṣe ibi tí okùn gbà kọjá lókè ọrùn. A ó sè é, a ó yọ ọ̀rá rẹ̀, a ó sá a gbẹ, kò sí ike tó tó o. Ewé èèpín, tí àwọn agbẹ́gi ti ń fi dán ère láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣì wúlò lónìí: sáńpépà máa ń fi ilà sílẹ̀ lára afárà, èèpín kì í fi sílẹ̀ bí a bá rọra lò ó lẹ́yìn sáńpépà. Sheláàkì tí kòkòrò kan nílẹ̀ Íńdíà ń ṣe, tí a pò mọ́ súpírítì, ni mo fi ń kùn ún, tí mo sì ń fi ìda oyin parí rẹ̀. Àwọn kan máa ń gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lo òrí, ṣebí Kwara ni wá. Òrí dáa fún awọ ara. Kì í gbẹ lórí igi. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á máa rùn, eruku á máa lẹ̀ mọ́ ọn. Bákan náà ni epo pupa. Aró ẹlú ni mo gbádùn láti fi pa afárà láró, ó máa ń mú un dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn á jẹ ẹ́ bó bá yá.

Kí ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló ti inú igbó wá. Pickup là ń pe òòfà oníwáyà tó ń gbọ́ okùn. Waya inú rẹ̀, òòfà rẹ̀, àti ẹ̀rọ tí a fi ń wé okùn le, láti òkè òkun ni. Ṣùgbọ́n wíwé waya yẹn, ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é, ìlú yìí ló sì kọ́ mi bí màá ṣe wé e. Pickup àtijọ́ onílùpù kan, tí a wé waya rẹ̀ sójú kan ṣoṣo, máa ń gbọ́ gbogbo ohun tó bá ń ṣe iná mànàmáná nítòsí. Iná wa ń yí nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, kí wáyà ilẹ̀ má sí nínú ilé náà, kí ẹ wá gbé gìtá onílùpù kan síwájú pẹpẹ. Ariwo “ùùù” á bo ohùn orin mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ń lù ú bá sì fẹnu kan máíkì, iná á gbá a létè. Ní 1955, Seth Lover tó ń ṣiṣẹ́ ní Gibson ronú kan ariwo yìí: ó fi lùpù méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó yí ìdojúkọ òòfà ọ̀kan padà, ó sì so waya wọn lọ́nà òdì síra wọn. Ohùn okùn á pọ̀ sí i, ariwo tó ti ìta wọlé á pa ara rẹ̀. Nǹkan bí 5,000 ìgbà ni waya ń yí lùpù kọ̀ọ̀kan ká, waya náà sì tín-ín-rín ju irun orí lọ. Gbogbo ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀ṣì lòun ti fẹ́ lo gìtá, irú èyí ni mo ń ṣe fún un, bó bá tilẹ̀ ń pariwo pé onílùpù kan ló ń dùn létí òun. Jẹnẹrétọ̀ ló ni ìpinnu, kì í ṣe èmi.

Àwọn kan á ní kí ló kan Ìlọrin kan gìtá. Lóòótọ́, dàdàkúàdà tí Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú fi lókìkí, ìlù àti ohùn ni. Kò sí gìtá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun èlò olókùn kò ṣàjèjì sí wa. Mólò wà níbẹ̀, gòjé wà níbẹ̀ nínú sákárà, tí wọ́n fi igbá àti awọ ṣe. Ẹni tó ṣe gòjé mọ̀ pé bí igbá ò bá gbẹ, awọ ò ní fà le. Nígbà tí Àyìndé Bákárè mú gìtá oníná wọ inú jùjú ní 1949, ohun tó ṣe ni pé ó fi iná mànàmáná kún ohun tí etí Yorùbá ti mọ̀. Ebenezer Obey àti King Sunny Adé sì sọ gìtá di púpọ̀ lórí ìtàgé kan ṣoṣo títí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí ìlù. Ní Benin, Victor Uwaifo, tó ṣaláìsí ní 2021, ti fi plywood kan gìtá fúnra rẹ̀ nígbà ọmọdé, ó fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ ṣe fret. Nígbà tó dàgbà, ó ṣe gìtá ọlọ́rùn méjì olókùn 18 tó ń yí bírí, tó ní kíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn. Àwọn kan ń pè é ní idán. Àwa tí a mọ iṣẹ́ mọ̀ pé agbẹ́gilére ni ọkùnrin náà, ó sì kàwé lórí rẹ̀.

Ohun kan ń dùn mí. Igi tó bá tọ́ kì í pẹ́ nígbó, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gé tiwa yìí ti kọjá òwe. Igi tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kosso, ará Ṣáínà fi ṣe àga títí CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò ohun abẹ̀mí, fi gbé e sórí ìwé ìṣọ́ rẹ̀ ní 2016. Ní ìpàdé Panama ní 2022, wọ́n fi ọ̀gànwó Áfíríkà àti apá kún un. Ní Amẹ́ríkà, ọlọ́pàá ya wọ Gibson ní 2009 àti ní 2011 nítorí igi tó ti Madagascar àti Íńdíà wá. Ilé-iṣẹ́ náà san ìtanràn 300,000 dọ́là ní 2012. Ní ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní Kamẹrúùnù, ilé-iṣẹ́ agbẹ́gìtá Taylor àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ láti Sípéènì ra ilé ìlagi kan ní Yaoundé ní 2011, wọ́n bá a pé àwọn tó ń gé igi dúdú máa ń fi èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ní àbàwọ́n sílẹ̀ kó rà nínú igbó, torí pé dúdú kirikiri nìkan ni àwọn agbẹ́gìtá ń fẹ́. Taylor ní kí wọ́n máa mú alábàwọ́n náà wá. Ìyẹn ni mo ń pè ní ọgbọ́n. Ojú oníbàárà ló ń pa igbó, kì í ṣe ayùn nìkan.

Ìjọba wa ní kí ẹnikẹ́ni má ta ìtì igi tàbí pákó lílà sí òkè òkun. Ó wà nínú ìwé àwọn Kọ́sítọ̀ọ̀mù. Ìwé náà ò dárúkọ gìtá tó ti parí. Ìwé CITES tí mo sọ nípa ọ̀gànwó àti apá náà, ìtì igi àti pákó ló ń ṣọ́, kì í ṣe ohun èlò orin. Èyí túmọ̀ sí pé òfin ilé àti ti òkèèrè ń ti ẹrù náà sọ́wọ́ ẹni tó bá lè gbẹ́ ẹ. Ara gìtá kan ò gbà ju pákó kan tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Férémù ilẹ̀kùn kan ṣoṣo á ṣe ọrùn púpọ̀. Ẹ̀yin káfíńtà tí ẹ ń bẹ ní Ìlọrin, tí ẹ ní ìfági tó mú àti sùúrù, iṣẹ́ yìí gbà yín. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ káfíńtà tí ọwọ́ rẹ̀ tọ́ ju tèmi lọ tó ń kan bẹ́ńṣì ilé ìwé. Ohun tí kò ní ò ju ìṣirò fret àti ẹni tí yóò sọ fún un pé pákó ò tíì gbẹ.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń lu gìtá: ẹ má gbé e síwájú fáànù, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ sì gbé e wá kí ọyẹ́ tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti gé yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí n gbẹ́ tuntun fún yín, pákó afárà tí mo rà lọ́dún yìí ò ní di gìtá títí di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń kánjú, àwọn ṣọ́ọ̀bù ìgboro kún fún ti ilẹ̀ Ṣáínà.